Sìlíńdà Wo Ló Ń Tiro?

Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ru iṣu, ó ń gun òkè. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sí nǹkan tó ṣe é. Lójijì ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Awakọ̀ tẹná, mọ́tò ò dáhùn. Ohùn ẹ́ńjìnnì tó ń lọ geere tẹ́lẹ̀ wá ń já láàárín, bí ìgbà tí onílù bá ń fo ẹyọ kan nínú mẹ́rin. Àwọn mẹkáníìkì wa ní orúkọ fún un: mísfáyà. Ẹlòmíì á ní mọ́tò ń jẹ́ẹ̀kì, ẹlòmíì á ní "púlọ́ọ̀gì kan ti kú níbẹ̀."

Púlọ́ọ̀gì la fi ń ka ẹ́ńjìnnì nílẹ̀ wa: onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà. Ìwé òyìnbó á máa ka sìlíńdà, ìyẹn ihò tí písítìnnì ti ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni a ń lọ, torí púlọ́ọ̀gì kan ló sábà máa ń wà lórí sìlíńdà kan. Ẹ fi ẹ́ńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin wé obìnrin mẹ́rin tó ń gún iyán nínú odó kan. Bí ti ẹni àkọ́kọ́ ṣe ń gòkè ni ti ẹnìkejì ń balẹ̀, wọn kì í kọlu ara wọn, odó sì ń dún ní ìwọ̀n kan náà. Jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn gbé ọmọ odó sókè kó má sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri ò lè mọ èyí tó dákẹ́ nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nínú mọ́tò, ọ̀rọ̀ náà yára ju ti odó lọ. Bí ẹ́ńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin bá ń yípo ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, iná gbọ́dọ̀ ta nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Báwo wá ni èèyàn ṣe ń mọ èyí tó ń tiro? Iṣẹ́ sọ́fúwíà ni mò ń ṣe, n kì í ṣe mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí ò ṣàjèjì sí mi rárá, torí pé wíwá ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé àwa tí à ń kọ kóòdù. Ìtàn bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè yẹn láti ìgbà tí mọ́tò ti dáyé ni mo fẹ́ sọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì, ní oṣù kẹjọ ọdún 1888. Bertha Benz, ìyàwó Karl Benz tó ṣe mọ́tò, mú ọ̀kan nínú ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ṣe, ó kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì sínú rẹ̀, ó gbéra láti Mannheim lọ sí Pforzheim, ó lé ní 100 kìlómítà. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀ kó tó lọ. (Ẹ wo obìnrin!) Kò tíì sí ẹni tó wa mọ́tò jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rí, kò sì sí mẹkáníìkì kankan lójú ọ̀nà. Wọ́n sọ pé nígbà tí ọ̀nà epo dí, abẹ́rẹ́ gígùn tó fi de àkẹtẹ̀ mọ́rí ló fi tú u. Nígbà tí ara wáyà iná bó, rọ́bà tí àwọn obìnrin ìgbà náà fi ń de ìbọ̀sẹ̀ mọ́tan ló fi wé e. Epo àti iná. Títí di òní, ibẹ̀ náà ni gbogbo mẹkáníìkì tó mọ nǹkan tó ń ṣe ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta tó kù ni kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí sìlíńdà ṣe ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ kí iná tó ta sí i. Bí mẹ́ta yìí bá pé lásìkò tó yẹ, sìlíńdà ò ní yàn án láyò kó má ṣiṣẹ́.

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn mọ́ mi jù ni Amẹ́ríkà, lórí Ford Model T tó jáde ní 1908. Nínú mọ́tò yẹn, àpótí onígi kan wà níwájú awakọ̀, kọ́ìlì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Lórí kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan, irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà tó máa ń gbọ̀n, tó sì máa ń kùn bí oyin nígbà tó bá ń fi iná ránṣẹ́. Bí o bá fi ìka tẹ irin yẹn mọ́lẹ̀, kò ní lè gbọ̀n mọ́, sìlíńdà tirẹ̀ á sì dákẹ́. Ìwé tí Ford fi ń kọ́ àwọn oní-mọ́tò ní ìgbà náà ṣàlàyé ohun tí wọ́n máa ṣe bí mísfáyà bá dé. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré díẹ̀, kí o wá fi ìka tẹ ti 1 àti ti 4 mọ́lẹ̀. Ó ku 2 àti 3. Bí àwọn méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́ dọ́gba, a jẹ́ pé ọwọ́ wọn mọ́, nínú 1 tàbí 4 ni ọ̀rọ̀ wà. Wá fi 4 sílẹ̀, kí o tẹ àwọn mẹ́ta yòókù mọ́lẹ̀. Bí 4 bá ń lọ dáadáa, 1 ni ọ̀daràn.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ computer science, ẹ ti mọ nǹkan tí mò ń rí níbẹ̀. Binary search nìyẹn! Pín in sí méjì, dá ìdajì kan láre, tún ìdajì tó kù pín. Àgbẹ̀ tó ń gbé nínú oko ní Iowa ń fi ìka rẹ̀ ṣe é lórí mọ́tò kí kọ̀ǹpútà tó dáyé. Ó sì kan píkọ́ọ̀pù gan-an. Tẹ́lẹ̀, àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ló máa ń gé ẹ̀yìn mọ́tò, tí wọ́n á kan àpótí igi sí i láti fi kó ẹrù. Ní oṣù kẹrin 1925, Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ta Model T tó ti kan ẹ̀yìn ẹlẹ́rù sí láti ilé-iṣẹ́, ní dọ́là 281. Àpótí oníkọ́ìlì mẹ́rin yẹn ló wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ti ilé-iṣẹ́ Ford gbé píkọ́ọ̀pù jáde ni ọ̀nà àtimọ sìlíńdà tó ń tiro ti wà lábẹ́ ìka awakọ̀.

Ọgbọ́n mìíràn ti ń dìde lákòókò yẹn. Ní Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio, Charles Kettering àti Edward Deeds dá Delco sílẹ̀ ní 1909, Cadillac ló sì kọ́kọ́ ra iṣẹ́ wọn. Kọ́ìlì kan ṣoṣo ni ti Kettering. Kọ́ńtáàtì kékeré kan á máa ṣí, á máa pa, bó bá ti ṣí ni kọ́ìlì á tu iná jáde, rótọ̀ tó ń yí nínú dìsìtírìbútọ̀ á sì pín iná náà fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pín oúnjẹ fún ọmọ. Ó dínwó, ó sì rọrùn tún ṣe. Ọgbọ́n yìí ló ṣàkóso ayé fún nǹkan bí 60 ọdún. Òun ló wà nínú Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní 1975, òun náà ló wà nínú àwọn píkọ́ọ̀pù 504 tó gbé iṣu, tòmátò, màálù àti èèyàn káàkiri Nàìjíríà láti ìgbà náà, tí òmíràn sì ṣì ń gbé e di òní. Orí ọkọ̀ báyìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà mẹkáníìkì wa ti kọ́ṣẹ́.

Bàbá kan wà ní àdúgbò tí mo dàgbà sí. Bí mọ́tò bá ń ṣe mísfáyà, kì í tètè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè ló máa ń kọ́kọ́ bi awakọ̀.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Àárọ̀ yìí ni, Bàbá. Lánàá, kò ṣe nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́ sà."

"O fọ̀ ọ́ lánàá?"

"Òjò ló pa á, sà."

"Ta ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn? Níbo lo ti ra epo?"

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, mo rò pé Bàbá ń fi ọ̀rọ̀ gba ara wọn lálejò ni. Iṣẹ́ ló ti ń ṣe lọ yẹn. Ohun tó dé lójijì kì í sábà jẹ́ ohun tó ń gbó díẹ̀díẹ̀. Ríìngì tó ń jẹ lọ lára sìlíńdà kì í dédé di nǹkan láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán. Yóò ti máa jẹ ọ́ìlì, yóò ti máa ru èéfín tipẹ́. Ṣùgbọ́n omi lè wọ ìdérí dìsìtírìbútọ̀ ní alẹ́ kan. Ìdérí náà lè sán, wáyà lè já nínú rọ́bà rẹ̀ tí ojú ò sì ní rí i, kọ̀ńdẹ́ńsà tó ń dáàbò bo kọ́ńtáàtì lè kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Níbi iṣẹ́ tiwa náà, bí ètò orí kọ̀ǹpútà bá dédé ṣubú, ohun àkọ́kọ́ tí à ń bèèrè ni pé, "Kí ló yí padà láàárín àná sí òní?"

Lẹ́yìn ìbéèrè, Bàbá á ní kí wọ́n kíkì mọ́tò, á mú àkísà gbígbẹ, á máa yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan tí yóò sì máa dá a padà. Bó bá yọ ọ̀kan tí ẹ́ńjìnnì túbọ̀ rọ, a jẹ́ pé sìlíńdà yẹn ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bó bá yọ ọ̀kan tí ohùn ò yí padà rárá, òun nìyẹn: ẹni tí kò ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, lílọ rẹ̀ ò lè hàn. Ọgbọ́n Model T náà ni, wáyà la ń yọ dípò ìka tí wọ́n fi ń tẹ irin. (Ẹ má lọ fi ọwọ́ lásán dán an wò o. Iná tó wà nínú wáyà yẹn lé ní 10,000 fóòtì. Bó bá sì jẹ́ ẹ́ńjìnnì tí kò lo kọ́ńtáàtì mọ́, yíyọ wáyà báyìí lè jó nǹkan tó wọ́n nínú rẹ̀.)

Lórí 504, ohun kan wà tó máa ń dojú rú fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ lórí Toyota. Toyota ń ka sìlíńdà 1 láti iwájú, lápá radiator. Peugeot ń kà á láti ẹ̀yìn, lápá gíọ̀. Ẹni tí kò mọ̀, sìlíńdà 4 ni yóò máa yẹ̀ wò níbi tí ìwé ti ní kó yẹ 1 wò.

Bí wọ́n bá ti mọ sìlíńdà tó ń tiro, púlọ́ọ̀gì ibẹ̀ ni wọ́n á tú, wọ́n á sì kà á bí ìwé. Bó bá tutù fún pẹtiróòlù, epo ń dé ibẹ̀, iná ni kò ta. Bó bá dúdú tó sì gbẹ bí ẹ̀yìn ìkòkò, epo ti pọ̀ jù fún un. Bí ọ́ìlì bá bò ó, ríìngì tàbí rọ́bà fáàfù ti ń jọ̀wọ́ ara wọn. Bó bá funfun tó mọ́ tónítóní ju àwọn yòókù lọ, ẹ wo omi radiator, ó ṣeé ṣe kó máa wọlé láti top gasket. Bó bá sì jẹ́ sìlíńdà méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn ló jọ ń tiro lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá lẹ́yìn tí mọ́tò gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, top gasket tó wà láàárín wọn ni wọ́n á kọ́kọ́ fura sí. Ní ti wáyà, wọ́n á dúró di alẹ́, wọ́n á pa iná gbogbo, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Wáyà tó bá ti ń jò á máa ta iná búlúù kéékèèké sára irin. Irinṣẹ́ tí èyí gbà ò ju òkùnkùn lọ.

Ibi tí ìtàn náà ti yà nìyí, kò sì yà nítorí mísfáyà. Èéfín ló yà á.

Ní Los Angeles, láti àwọn ọdún 1940, èéfín kan máa ń bo ìlú, á máa ta ojú, á sì máa ba ewé oko jẹ́. Arie Haagen-Smit, onímọ̀ kẹ́míkà kan tó wá láti Netherlands, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wá ohun tó ń fún ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní òórùn dídùn, ni wọ́n bẹ̀ pé kó wo afẹ́fẹ́ náà. Ó fi hàn pé epo tí mọ́tò ò jó tán, pẹ̀lú gáàsì mìíràn tó ń ti sàlẹ́ńsà jáde, ni oòrùn ń sè pọ̀ di èéfín yẹn. Ní 1967 California dá àjọ tó ń rí sí afẹ́fẹ́ sílẹ̀, òun náà ló sì di alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó máa fi di 1975, ọ̀pọ̀ mọ́tò tuntun ní Amẹ́ríkà ti ní catalyst nínú ọ̀nà èéfín wọn, irin tí nǹkan bí afárá oyin wà nínú rẹ̀, tó ń jó ìyókù epo kó tó jáde sínú ayé.

Catalyst ní ọ̀tá kan: mísfáyà. Bí sìlíńdà kan ò bá jó epo rẹ̀, odindi epo náà á bọ́ sínú catalyst, ibẹ̀ ni yóò ti jó, ooru rẹ̀ á sì yọ́ afárá inú rẹ̀. Nítorí ìyẹn ni òfin Amẹ́ríkà fi pàṣẹ pé láti mọ́tò ọdún 1996, gbogbo mọ́tò kékeré àti píkọ́ọ̀pù tuntun gbọ́dọ̀ lè dá mísfáyà mọ̀ fúnra wọn. OBD-II ni wọ́n pe ètò náà, òun ló ni ihò onípínnì 16 tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.

Bí brain box ṣe ń mọ̀ ọ́n ò jìnnà sí ti ẹni tó ń gbọ́ odó lẹ́yìn ògiri. Sẹ́ńsọ̀ kan ń ka eyín irin kan tó ń bá kíráńkì yí. Bí sìlíńdà kan bá ṣiṣẹ́, kíráńkì á yára díẹ̀. Bó bá kùnà, ìyípo tó tẹ̀ lé e á pẹ́ díẹ̀. Nítorí brain box mọ sìlíńdà tí oyè kàn ní ìṣẹ́jú yẹn, ó lè pe orúkọ rẹ̀: P0301 fún àkọ́kọ́, P0302 fún ìkejì, P0300 bí kò bá rí ẹni kan pàtó mú. Ó ń kà á ní ìyípo 200 láti mọ̀ bóyá catalyst wà nínú ewu, ó sì tún ń kà á ní 1,000 láti mọ̀ bóyá èéfín ti ju ìwọ̀n lọ. Bí iná check engine bá dúró, ó ní kí ẹ wá àyè tún un ṣe. Bó bá ń ṣẹ́jú, catalyst ti ń jóná lọ nìyẹn. Wọ́n tilẹ̀ mọ̀ pé ojú ọ̀nà tó rí gbágungbàgun lè mi kíráńkì débi tí kọ̀ǹpútà á rò pé mísfáyà ni, torí náà ọ̀pọ̀ mọ́tò ni wọ́n kọ́ láti dí etí wọn bí ọ̀nà bá ti burú jù. Mo máa ń rò ó pé iye ìgbà wo ni etí yẹn ṣí lójú ọ̀nà tiwa.

Ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí ni pé ọ̀pọ̀ wa ń ka kóòdù yẹn bí ìdájọ́. Skánà ti pọ̀ lọ́jà, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i ju ìgbà kan lọ: skánà ní P0302, ó parí, "Ọ̀gá, ẹ lọ ra kọ́ìlì wá." Wọ́n rà á, mọ́tò ṣì ń tiro. Wọ́n ra púlọ́ọ̀gì. Wọ́n ra nozzle. Owó ń lọ, ọjọ́ ń lọ, ẹrù ń rà nínú píkọ́ọ̀pù. P0302 ò sọ pé kọ́ìlì bàjẹ́ rí. Ohun tí àgbẹ̀ ń fi ìka mọ̀ ní 1908 ló sọ, kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lé e: sìlíńdà kejì ń tiro. Ìlà tí ètò kọ̀ǹpútà ti ṣubú kọ́ ni ó sábà máa ń jẹ́ ìlà tí àṣìṣe wà, ẹni tó bá ti kọ kóòdù fún oṣù mẹ́ta ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé kóòdù kì í ná owó. Gbé kọ́ìlì sìlíńdà 2 sí orí 3, kí o gbé ti 3 sí orí 2. Pa kóòdù rẹ́, wa mọ́tò náà díẹ̀, tún un ṣàyẹ̀wò. Bó bá ti di P0303, kọ́ìlì ló gbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ rìn, lọ rà á. Bó bá ṣì jẹ́ P0302, fi kọ́ìlì sílẹ̀, ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì, lẹ́yìn náà nozzle. Ohun kan ṣoṣo ni kí o máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ tí ẹ̀ṣẹ̀ ò tẹ̀ lé e, ó ku kí wọ́n wọn kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n. Bó bá sì jẹ́ P0300 ló yọ, tí gbogbo ẹsẹ̀ ń tiro pọ̀, ìbéèrè Bàbá ló kàn: níbo lo ti ra epo? Ní oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí methanol inú rẹ̀ ti pọ̀ jù wọ Nàìjíríà, kò sí kọ́ìlì tó lè wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sàn.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé àwọn tó mọ ti ìka àti ti àkísà gbígbẹ ń lọ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun sì ń bẹ̀rẹ̀ láti orí skánà. Bẹ́ẹ̀ 504 tó ń kó oúnjẹ wa wọ̀lú ò ní ihò kankan tí wọ́n máa ki skánà bọ̀. Ẹnu rẹ̀ kan náà ni ohùn rẹ̀.

Ní ti tòkúnbọ̀ tó ní ihò, ọ̀ràn mìíràn tún wà níbẹ̀. Platinum, palladium àti rhodium ló wà nínú catalyst, iye owó rhodium sì lé ní 25,000 dọ́là fún áúnsì kan ní 2021. Àwọn èèyàn ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù láti rà á, ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń rìn lójú títì wa ni wọ́n ti gé tirẹ̀ tà, nígbà míì láìjẹ́ kí ẹni tó ni ín mọ̀. Wọ́n fi páìpù lásán dí ojú rẹ̀. Brain box ò mọ èyí. Bí mísfáyà bá dé, yóò ṣì ka ìyípo 200 rẹ̀, iná á ṣì máa ṣẹ́jú fún catalyst tí wọ́n ti tà. Awakọ̀ tó bá mọ̀ pé catalyst ò sí níbẹ̀ á ní kí wọ́n yọ gílóòbù iná náà. Àmọ́ epo tí kò jó ṣì ń fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà yẹn, ó sì ń ṣàn wọ inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀. Ẹ fa irin ìwọn-ọ́ìlì yọ kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bíi pẹtiróòlù, ẹ má tíì gbé ẹrù sí i.